Àga Méjì

Àga méjì ló ní, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn,
akẹ́kọ̀ọ́ níwájú, olùkọ́ lẹ́yìn,
bí ẹni pé ọmọ ló pọn ìyá rẹ̀.
Kò ní ẹ́ńjìnnì. Ẹ má bi mí níbi tí wọ́n ń rọ epo sí.
Bàbá mi, Ọ̀ṣúndínà, ló kàn án ní ìsọ̀ rẹ̀ l'Ókè-Baálẹ̀,
láàrin pósí kan tí ẹnikẹ́ni ò tíì wá gbà
àti bẹ́ǹṣì ṣọ́ọ̀ṣì mẹ́rìnlá tí wọn ò tíì san owó rẹ̀.

Tíṣà Akínlàjà ló gbé àwòrán rẹ̀ wá,
ìwé aláwọ̀ aró tó ti gbó létí;
èkúté ti jẹ ibi tí wọ́n kọ ìwọ̀n ìrù sí.
Bàbá mi ò mọ̀wé kà, ṣùgbọ́n ó mọ ìlà kà.
Ó ní, "Ìrù ńkọ́?"
Tíṣà ní, "Ẹ fojú bù ú."

Apá àkọ́kọ́, ọ̀gànwó ni.
Ó dán bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìyàwó, ó wúwo bí gbèsè.
Ọkùnrin mẹ́jọ gbé e dé pápá Ìdó-Ọ̀ṣun.
Wọ́n fà á, ó sáré, ó sáré, kò gbéra,
ó lọ jókòó sínú oko ẹ̀gẹ́ ẹlòmíràn.
A san owó ẹ̀gẹ́.

Èkejì, arère ni,
igi tí wọ́n ń fojú tín-ínrín,
nítorí èékánná lásán lè kọ orúkọ sí i lára.
Ìyá Ọ̀ṣúnyọyin aláró ló wọ aṣọ fún un:
tẹ́rù funfun, ó fi ẹ̀kọ láfún pa á títí ó fi le bí páànù.
Òjò kan péré.
Ẹ̀kọ yọ́, aṣọ dẹ̀,
ewúrẹ́ dúró, wọ́n ń lá apá ọkọ̀ òfurufú.

Ẹ̀kẹta ni èmi wọ̀. Fáníṣì ni wọ́n fi pa á.
Ìrù rẹ̀ nìkan ni ìyá náà rẹ láró;
ó ní òun ò lè ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ kí wọ́n má tún mọ̀ pé òun ni.

Ọ̀pá ìdarí méjì, wáyà kan ṣoṣo lábẹ́ pákó.
Bí o bá tì í níwájú, ó ti sún lẹ́yìn.
Àṣìṣe rẹ yóò gbá orúnkún olùkọ́ rẹ
kí ìwọ gan-an tó mọ̀ pé o ṣe é.
Lára gíláàsì, òwú pupa kan, kò ju ìka lọ.
"Bó bá wó sí ẹ̀gbẹ́ kan," Tíṣà wí,
"má bẹ̀ mí. Òwú ni kí o bẹ̀."

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí, mo fúyẹ́ jù;
wọ́n ki àpò iyanrìn odò sábẹ́ ìdí mi
kí imú ọkọ̀ má baà máa wo ọ̀run.
Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun ni mo jókòó lé lọ sókè.

Ẹ́ńjìnnì Bẹ́dífọ́ọ̀dù kan tí kò ní ara mọ́ ló ń ká okùn.
Okùn le. Ilẹ̀ bọ́ lẹ́sẹ̀ mi bí bàtà ẹ̀gbọ́n.
Lẹ́yìn náà okùn já sílẹ̀,
gbogbo nǹkan sì dákẹ́:
mo gbọ́ aago ọwọ́ Tíṣà.

Òṣogbo tẹ́ sílẹ̀, páànù dídípẹtà lórí páànù dídípẹtà,
ojú irin, igbó tó dúdú lẹ́bàá omi.
Igún mẹ́ta ń yí lókè ilé.
"Tẹ̀ lé wọn. Igún kì í parọ́, kò gba owó oṣù."
A wọ inú ooru náà,
ooru tí àwọn ará ìsàlẹ̀ ń fi abẹ̀bẹ̀ lé kúrò lára,
òun ló gbé wa.

Nígbà tí a balẹ̀, Bàbá mi ò kí mi.
Ó ní, "Ìrù ńkọ́?"
Mo ní, "Ó tẹ̀ lé wa, Bàbá."
Ó rìn yí i ká lẹ́ẹ̀mejì, ó fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà síbi tó ti dún.

Wọ́n ti gbé Tíṣà lọ sí Ìlọrin báyìí.
Ọkọ̀ náà wà ní ìsọ̀ síbẹ̀, apá rẹ̀ kan sókè àjà.
Adìyẹ ń yé sí àga ẹ̀yìn, èmi ni mo ń kó ẹyin.
Àga iwájú, mo máa ń nù ún.